Abẹ́rẹ́ Ojú Aago Òróró

Ẹ̀rọ omi Kétu kò kú jẹ́ẹ́. Ó ké ni. Ó ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n gbé ọ̀bẹ lé lọ́rùn, ó mì tìtì, ilẹ̀ tí a dúró lé mì, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Àwa obìnrin tí a tò sí ẹnu omi pẹ̀lú ìkòkò wa ń wo ara wa. Omi tó ń ya bọ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń kán, tó, tó, tó, nígbà tó yá kò kán mọ́.

Ọjọ́rú ni. Ọyẹ́ ti mú débi pé ètè ń ya. Ẹni tí kò bá gbé orí òkè Kétu kò lè mọ ohun tí mò ń sọ. Kò sí odò lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá sì ní òun fẹ́ gbẹ́ kànga, ọmọ rẹ̀ ni yóò gbẹ́ ẹ parí. Omi òjò tí a gbà sínú kòtò ló ń gbé wa dé òjò mìíràn, ọdún yẹn kòtò sì ti gbẹ kó tó di Kérésìmesì. Ẹ̀rọ yìí nìkan ló kù.

Ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ni. Ó ti ti ọkọ̀ ńlá kan lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́ fún ọdún pípẹ́. Nígbà tí igi ọkọ̀ náà jẹrà, kọmándà, òyìnbó tó ń jọba lé wa lórí, ní kí wọ́n tú ẹ̀rọ rẹ̀, kí wọ́n fi kàmíọ̀nù, ọkọ̀ akẹ́rù, gbé e wá bá wa, kó máa fa omi láti inú ihò jíjìn tí àwọn òyìnbó gbẹ́. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé odò kò wá sí Kétu rí, ọkọ̀ ojú omi ló kọ́kọ́ dé.

Firmin ọkọ mi ló ń tọ́jú rẹ̀. Bí ó ṣe pa lọ́lọ́ yẹn, ó sáré wọlé, ó fọwọ́ kan ara rẹ̀, ó yọwọ́ kíá nítorí ó gbóná janjan. Ó ṣí agolo asẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, èyí tí òróró ń gbà kọjá kó tó dé inú. Ó wo inú agolo. Ó gbójú sókè, ó wá ojú mi láàárín èrò, ó rí mi, ó sì gbé ojú kúrò. Ó dé agolo náà pa.

Láti ìgbà yẹn, ọkọ mi kò sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni.

Kọmándà dé pẹ̀lú gáàdì méjì. Désiré, tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù, ló ń túmọ̀ fún un.

"Kọmándà ní ta ló ba ẹ̀rọ ìjọba jẹ́?"

"Ọwọ́ mi ni," Firmin dáhùn.

"Kí ni ọwọ́ rẹ ṣe?"

Ó na ọwọ́ méjèèjì sí gáàdì.

"Kọmándà ní kàmíọ̀nù ń bọ̀ lọ́la, yóò padà sí Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí a kò bá mọ bí ẹ̀rọ yìí ṣe bàjẹ́ kó tó gbéra, ìwọ ni yóò gbé lọ."

Ẹ má bi mí pé ilé ẹjọ́ ń kọ́. Nígbà náà, ẹnu kọmándà ni ilé ẹjọ́. Ẹni tí kàmíọ̀nù bá gbé lọ, a kì í ka oṣù ìpadàbọ̀ rẹ̀. Oyún oṣù méje ló wà nínú mi, oyún mi àkọ́kọ́. Wọ́n de ọwọ́ ọkọ mi sẹ́yìn, èmi dúró pẹ̀lú ìkòkò òfìfo lórí.

*

Kàmíọ̀nù tó máa gbé e lọ náà ló gbé Sàídù wá.

Ọlọ́pàá tí kì í wọ aṣọ ọlọ́pàá ni. Ọkùnrin kúkúrú, fìlà funfun, bàtà tó ti jẹ ní gìgísẹ̀. Ìka méjì ti kúrò lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Mo rò pé olè ló gé e, àfi ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé ẹ̀rọ ló jẹ ẹ́: ọdún mọ́kànlá ló fi ń bu òróró sí ẹ̀rọ nínú ọkọ̀ ojú omi kó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá.

Ibi tí wọ́n ti Firmin mọ́ ló kọ́kọ́ lọ. Mo gbé oúnjẹ dání, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò lé mi.

"O pààrọ̀ òróró rẹ̀ àbí o kò pààrọ̀ rẹ̀?"

"Mo pààrọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú."

"Wákàtí mélòó ni ìwé ẹ̀rọ wí?"

"Ọgọ́rùn-ún. Wákàtí márùn-ún ni ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lóòjọ́. Mo ń fa ìlà èédú kan sára ògiri lójoojúmọ́. Bí ìlà bá pé ogún, mo da ti àtijọ́ jáde, mo bu tuntun."

"Kí ló wá pa á?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Arákùnrin, mo ti gbọ́ ti ọwọ́ rẹ. Èmi ń béèrè ti ẹ̀rọ."

Firmin wo ẹnu ọ̀nà níbi tí mo jókòó sí, ó yí ojú sí ògiri. Sàídù náà wo ẹnu ọ̀nà. Ó dìde.

Bí ó ṣe jáde, mo dìde tẹ̀ lé e.

"Ìyàwó, ibo lò ń lọ pẹ̀lú oyún?"

"Ibi tí ẹ bá ń lọ, bàbá. Bí mo bá jókòó, àyà mi á já."

Ó ní, "Ó dáa. Máa bọ̀. Ìwọ lo mọ ọ̀nà."

*

Gbogbo ìlú ti mọ ẹni tó ṣe é. Èṣùgbàyí ni. Òun ló ni kòtò omi tó tóbi jù ní Kétu. Kí ẹ̀rọ tó dé, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ la máa ń kúnlẹ̀ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ̀rọ yẹn á kú, a ó sì tún wá fi orúnkún wa nu ilẹ̀ òun. Gáàdì kan tún jẹ́rìí pé òun rí i nílé ẹ̀rọ ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó gbé kèrègbè sábẹ́ agbádá. Wọ́n ní iyanrìn ló wà nínú rẹ̀, tó dà sínú òróró.

Sàídù kọ́kọ́ yà sílé ẹ̀rọ. Ó ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ẹ̀rọ, ó fa òróró díẹ̀ jáde, ó pa á láàárín àtàǹpàkò àti ìka, ó tún fi díẹ̀ sáàárín eyín rẹ̀, ó wa eyín pọ̀.

"Iyanrìn a máa dún láàárín eyín," ó ní. "Èyí kò dún." Ó tutọ́ sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ kí ọ̀tá ẹ̀rọ."

Èṣùgbàyí jókòó síwájú ilé rẹ̀ bí ọba.

"Ẹ kú ilé, bàbá. Wọ́n ní ẹ dé ilé ẹ̀rọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Mo dé ibẹ̀."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo wá kí i. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn kí ọ̀tá rẹ̀?"

"Kí ló wà nínú kèrègbè?"

"Omi."

"Ẹ gbé omi lọ síbi tí omi ti ń ya?"

Èṣùgbàyí wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo èmi. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo lọ pọn ọ́n ni. Ìwọ ọmọdé yìí, bí o bá sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni, màá fi ọ́ gégùn-ún."

Ó mú wa lọ sẹ́yìn ilé, ó gbé ọmọrí kòtò. Mo na ọrùn wò ó. Alángbá kan ló wà nísàlẹ̀, ó gbé orí sókè sí wa, ó mi orí. Kò sí omi tó lè rin ahọ́n rẹ̀. Èṣùgbàyí tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, òun náà ń jí lọ pọn omi ẹ̀rọ kí èrò tó jí.

"Kòtò mi kò gbẹ rí láti ayé bàbá mi," ó ní. "Bí ìlú bá gbọ́, kí ni mo tún jẹ́?"

Sàídù dé kòtò náà fúnra rẹ̀. "A kò rí nǹkan kan, bàbá."

Nígbà tí a kúrò níbẹ̀, ọkàn mi wó. Mo ti ń retí pé Èṣùgbàyí ni. Ẹ wo ẹ̀mí ẹ̀dá! Mò ń bá Ọlọ́run sọ ọ́ pé kó jẹ́ pé òun ni.

*

Nílé ìkẹ́rù, Désiré ní tirẹ̀ kò ro ẹjọ́ jìnnà. "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro. Firmin kò pààrọ̀ òróró. Ìlà ara ògiri? Èmi náà lè fa ogún ìlà nísinsìnyí."

"Òótọ́ ni," Sàídù ní. "Ìlà lè purọ́. Bu òróró tuntun fún mi nínú àgbá yẹn."

Ó yọ áńkáṣì funfun láti inú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó kán òróró tuntun sí i: ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí oyin. Ó kán èyí tí Firmin dà jáde lọ́jọ́ Àìkú, tó ṣì wà nínú agolo kan nílẹ̀: ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Lẹ́yìn náà ó kán èyí tó mú láti inú ẹ̀rọ. Ó tàn ká díẹ̀díẹ̀, àárín rẹ̀ bí ẹ̀pà sísun, etí rẹ̀ mọ́.

"Désiré, èwo lèyí jọ?"

Désiré nàka sí òróró tuntun.

"Òróró tó ti ṣe ọgọ́rùn-ún wákàtí kì í rí báyìí. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ rẹ̀. Kò sí omi nínú rẹ̀, ì bá funfun bí ẹ̀kọ. Kò sí iyanrìn. Òróró dáa, ó pọ̀ tó, ó tuntun. Ẹ̀rọ sì kú bí ẹni tí kò rí òróró mu." Ó ń fi ìka rẹ̀ tó kù lu tábìlì. "Àpò asẹ́ mélòó ni ẹ ní?"

"Àpò asẹ́?"

"Èyí tó wà nínú agolo, tí ń gba ẹ̀gbin òróró. Ìwé ní kí a fi tuntun sí i nígbàkígbà tí a bá pààrọ̀ òróró."

Désiré wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kó tó ṣí àpótí ìwé. Ó mú ìwé mẹ́ta jáde. Èmi kò mọ̀wé nígbà náà, díẹ̀ náà ni mo mọ̀ dòní, ṣùgbọ́n mo rí i pé ìlà pupa kan gùn gba orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. "Firmin béèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Kọmándà ní kó dúró, kò fi ránṣẹ́ sí Àjàṣẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo tó bá ẹ̀rọ wá ló wà níbẹ̀, ẹsánsì, epo mọ́tò, ni Firmin fi ń fọ̀ ọ́, á sì dá a padà. Ọ̀gá, n kò fi nǹkan kan hàn yín o."

"Èmi náà kò ríran," Sàídù ní.

*

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Sàídù ní òun fẹ́ mu omi. Omi tí mo ní nílé kò ju igbá méjì lọ. Mo bu ọ̀kan fún un.

"Ìyàwó, lọ́jọ́ Ajé tí ọkọ rẹ dé láti ibi iṣẹ́, kí ló sọ?"

"Inú rẹ̀ dùn, bàbá. Ibà ti ń dá a gbúnrin-gbúnrin láti ọjọ́ Àìkú, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ara ẹ̀rọ ti yá. Ó ní abẹ́rẹ́ ojú aago òróró dìde ga ju bí ó ṣe ń ga tẹ́lẹ̀ lọ."

"Ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?"

"Ó ní kò ga tó bẹ́ẹ̀ rí."

Ó gbé igbá omi kalẹ̀ láìmu ún. Ní Kétu, ní ọdún yẹn, ẹni tó bá gbé omi kalẹ̀ láìmu, nǹkan ló kọlù ú. Ó dìde, ó ń rìn kiri àgbàlá, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Aago wà ṣáájú. Asẹ́ wà lẹ́yìn. Ó ga... ó ga..." Okùn tí mo ń sá aṣọ sí ló dá a dúró. Káákì ọkọ mi wà lórí rẹ̀. Ó fi ìka kan án, ó dún kò, kò, bí pákó.

"Ṣòkòtò yìí lè dúró fúnra rẹ̀. Ṣé kì í lọ síbi iṣẹ́ láìdúró de ọkọ rẹ?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo gbàgbé ìbànújẹ́ díẹ̀. Èmi ni mo mọ káákì fọ̀ jù nínú gbogbo ìyàwó òṣìṣẹ́ kọmándà. "Omi ẹ̀gẹ́ ni, bàbá. Àmídọ̀n. Kọmándà a máa lé ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá rún padà sílé."

"Ọjọ́ wo lo fọ̀ kẹ́yìn?"

"Ọjọ́ Àìkú náà ni. Ibà ti gbé e dùbúlẹ̀. Gbogbo ohun iṣẹ́ rẹ̀ tí mo bá lẹ́yìn ilé ni mo fọ̀, mo rì í bọ àmídọ̀n, mo sá a. Ní ìdájí ọjọ́ Ajé ó já gbogbo rẹ̀ lórí okùn, ó lọ."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, bàbá. Èmi kì í ṣe ọ̀lẹ."

Ó wò mí títí. Ojú tó fi wò mí yẹn, mo ṣì ń rí i. Ó mu omi náà wàyí, ó mu ún tán, ó dúpẹ́. "Lọ́la, kí kàmíọ̀nù tó gbéra, mú ẹ̀wù ọkọ rẹ kan wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọmándà. Èyí tó le jù."

Mo rí i tó yà sọ́dọ̀ Gaston, ẹni tó ń tọ́jú egbò nílé ìwòsàn. Mo rò pé orí ló ń fọ́ ọ.

*

Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti tan kàmíọ̀nù náà. Firmin ti wà lẹ́yìn rẹ̀, okùn lọ́wọ́. Èrò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọmándà. Èṣùgbàyí náà wá, ó na ọrùn bí ẹni pé omi kún kòtò rẹ̀.

Sàídù gbé ìgò kékeré kan sórí tábìlì, oògùn pupa tí Gaston fi ń pa ojú egbò, tí wọ́n ń pè ní yóòdù. Ó kán an sórí áńkáṣì: ó pọ́n, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ó kán an sórí ègé ẹ̀gẹ́ sísè: ojú ẹsẹ̀ ló dúdú bí aró. Èrò hó yèè.

"Ibi tí ẹ̀gẹ́ bá wà, bí ó ṣe ń ṣe nìyẹn," ó ní. Èdè òyìnbó ló fi ń sọ fún kọmándà, á tún yí i padà fún wa. "Èyí wá ni àpò asẹ́ inú ẹ̀rọ. Mo fi ẹsánsì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láti ìrọ̀lẹ́ àná."

Ó gbé e sókè. Ó funfun, ó gùn bí ìbọ̀sẹ̀ ẹni tó sanra.

Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti bá a nínú abọ́ lẹ́yìn ilé, ó ń rùn fún ẹsánsì, mo rò pé ohun tí ọkọ mi ń wọ̀ sọ́wọ́ ni. Mo ti fi ọṣẹ bó o. Mo ti fún un.

Sàídù kán oògùn sí i. Aró.

"Ìyàwó, mú ẹ̀wù wá."

Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó kán an sí ọrùn ẹ̀wù. Aró.

"Àmídọ̀n ló dí ojú asẹ́. Nínú omi, àmídọ̀n a máa yọ́. Nínú òróró, títí ayé kò ní yọ́. Òróró ń ti asẹ́, kò rí ọ̀nà kọjá. Òróró ń dé ibi aago kó tó kan asẹ́. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ dí ẹnu ọ̀pá omi, omi ẹ̀yìn ọwọ́ á wú, iwájú á gbẹ. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ fi ga. Ẹni tó ń wò ó rò pé ẹ̀rọ ti yó. Òùngbẹ ló ń pa á."

Kọmándà béèrè ohun kan. Désiré túmọ̀ rẹ̀: "Ta ló ń ta àmídọ̀n ní ìlú yìí?"

Gáàdì kan ti fèsì kí ẹnikẹ́ni tó ronú: "Ìyàwó Èṣùgbàyí ni! Òun ló ń sè é fún gbogbo wa! Mo sì rí ọkọ rẹ̀ nílé ẹ̀rọ!"

Kọmándà nawọ́. Wọ́n di Èṣùgbàyí mú. Bàbá arúgbó náà la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó lè sọ pé òùngbẹ ló gbé òun débẹ̀, kó ní kí wọ́n lọ wo alángbá inú kòtò òun. Kò sọ ọ́. Ó fẹ́ bá ìgbéraga rẹ̀ wọ kàmíọ̀nù.

Mo wo Sàídù. Ó mọ̀. Ó mọ gbogbo rẹ̀, ó sì ń nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú áńkáṣì, díẹ̀díẹ̀. Ó ń dúró dè mí.

Bí mo bá dákẹ́, wọn yóò tú ọkọ mi sílẹ̀. Ọ̀tá gbogbo ìlú ni wọn yóò gbé lọ. Ta ni yóò sunkún rẹ̀?

"Èmi ni," mo ní.

"Wùmí!" Firmin kígbe láti ẹ̀yìn kàmíọ̀nù. "Wùmí, pa ẹnu rẹ dé!"

"Èmi ni mo fọ̀ ọ́. Mo bá a láàárín aṣọ rẹ̀, mi ò mọ̀ pé ti ẹ̀rọ ni. Mo rì í bọ àmídọ̀n bí mo ṣe ń ṣe sí gbogbo aṣọ rẹ̀. Òun náà kò mọ̀. Ọyẹ́ ń gbẹ gbogbo nǹkan kó le, ibà sì wà lára rẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rọ kú ló tó rí i. Bàbá yìí kò mọ nǹkan kan. Ẹ tú u sílẹ̀."

Ìyá kan lẹ́yìn mi ní, "Yéè, oyún!"

Sàídù túmọ̀ rẹ̀ fún kọmándà, kò fi kún un, kò yọ kúrò. Ojú kọmándà pọ́n. Ó nawọ́ sí èmi, ó nawọ́ sí kàmíọ̀nù.

Sàídù yọ fìlà rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà Désiré ló sọ fún mi ohun tó wí: "Kọmándà, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí Àjàṣẹ́. Wọn yóò bi mí pé kí ni àpò asẹ́ ẹ̀rọ ìjọba ń wá nínú abọ́ ìfọṣọ obìnrin, nígbà tó yẹ kí a máa fi tuntun sí i. Kí ni kí n kọ?"

Désiré kàn yí ìwé mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà, kí ìlà pupa kọjú sí ọ̀gá rẹ̀.

Kọmándà wo ìwé. Ó wo ikùn mi. Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Láti inú ilé la ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ yé: kí wọ́n tú wọn sílẹ̀.

*

A rìn dé ìdí igi ìrókò kí Firmin tó lè sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tí o sọ ọ́? Wọn ì bá gbé ọ lọ."

"Kí ló dé tí ìwọ kò sọ ọ́?"

Ó ń fọwọ́ pa ojú okùn tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko la fi ń gba omi láti ìlú Adakplamẹ̀ kí irin tuntun tó dé fún ẹ̀rọ. Wọ́n bú mi, wọ́n kọrin sí mi, àwọn obìnrin ní kí n wá fi àmídọ̀n fa omi fún àwọn. Èṣùgbàyí nìkan ni kò bú mi. Ó ń gbé ìkòkò tirẹ̀ lẹ́yìn mi lójú ọ̀nà, lójú gbogbo ayé, ìyẹn sì tó.

Àpò asẹ́ méjìlá ló bá irin náà wá láti Àjàṣẹ́. Firmin kó wọn sínú àpótí, ó tì í, ó mú okùn, ó so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ mi lọ́rùn.

Mo ní, "Èmi? Lẹ́yìn ohun tí mo ṣe?"

"Ní gbogbo Kétu," ó ní, "ìwọ nìkan ló mọ ohun tó lè ṣe é."

Láti ìgbà náà, bí ìlà bá pé ogún lára ògiri, ó di dandan kí ó wá bá mi.